Òṣìṣẹ́ Tí Ń Sọ Afẹ́fẹ́ Di Oúnjẹ: Láti Omi Káún Ilẹ̀ Kánẹ́mù Dé Oko Ẹ̀gẹ́ Kúta

A fẹ́ kí ẹ bá wa ro ìbéèrè kan. Bí àgbẹ̀ kan ní Kúta níbí bá fẹ́ gbin ẹ̀gẹ́, igi tí yóò kì bọ ebè kì í gùn ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ, ọmọdé sì lè ru ogún irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ọdún bá yípo, igi náà á ti ga ju àgbà lọ, ewé á bò ó, ìdí rẹ̀ á sì ta iṣu tí ó lè kún apẹ̀rẹ̀. Níbo ni ẹrù wúwo yìí ti wá? Bí a bá bi àwọn ọmọ kíláàsì wa, ohun tí ọ̀pọ̀ wọn máa ń wí ni pé inú ilẹ̀ ni. Àwọn àgbà pàápàá ń wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé erùpẹ̀ ni ó ń di ẹ̀gẹ́, oko tí a ti ń dá láti ayé àwọn bàbá wa ì bá ti di kòtò jíjìn, nítorí àìmọye àpò gàrí ni ó ti jáde níbẹ̀.

Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Jan Baptist van Helmont, ará ilẹ̀ tí a ń pè ní Bẹ́ljíọ̀mù lónìí, ti fi òṣùwọ̀n dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Ó wọn erùpẹ̀ gbígbẹ 200 pọ́n-ùn sínú ìkòkò ńlá, ó gbin igi kan tí ó wọn 5 pọ́n-ùn sí i, omi nìkan ni ó sì ń bu sí i fún ọdún 5. Nígbà tí ó fà á tu, igi náà ti wọn 169 pọ́n-ùn, ṣùgbọ́n erùpẹ̀ inú ìkòkò kò dín ju nǹkan bí áǹsì 2 lọ. Ìwé tí ó kọ ọ́ sí jáde ní 1648, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ó ní omi ni ó di igi. Apá kan òótọ́ ni, nítorí omi wà nínú rẹ̀. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni pé ọkùnrin yìí kan náà ni ó dá ọ̀rọ̀ náà "gáàsì" sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ó sì mọ gáàsì tí ń jáde lára èédú tí ń jó. Kò mọ̀ pé gáàsì yẹn gan-an ni igi rẹ̀ ń jẹ.

Gáàsì tí a ń wí yìí ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní kábọ́ọ̀nù dàyọ́ksáìdì. Òun wà nínú èémí tí a ń mí síta, ó ń jáde nínú iná igi àti nínú ẹ́ńjìnì ọkọ̀. Àwa yóò máa pè é ní afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù kí ọ̀rọ̀ má bàa gùn. Igi, koríko àti àwọn ẹ̀dá tíńtìntín inú omi ni wọ́n ń mú un, tí wọ́n ń fi agbára oòrùn sọ ọ́ di ṣúgà. Ṣúgà náà ni ó ń di ìyẹ̀fun, pákó, òwú àti epo. Òṣìṣẹ́ kan ni ó wà lẹ́nu ọ̀nà iṣẹ́ yìí, tí ń di afẹ́fẹ́ mú kí ó má lè fò lọ mọ́. Rubisco ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni a fẹ́ sọ, pàápàá ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀dá tíńtìntín tí wọ́n ti ń lò ó kí igi kankan tó wà láyé, nítorí ọgbọ́n kan wà lọ́wọ́ wọn tí ẹ̀gẹ́ wa kò ní.

Rubisco jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ́ńsáìmù. Kí ni à ń pè bẹ́ẹ̀? Ẹ bu ẹ̀kọ tútù díẹ̀ sẹ́nu, ẹ má tíì gbé e mì, ẹ máa rún un fún bí ìṣẹ́jú méjì. Á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. A kò fi ṣúgà sí i. Ohun kan nínú itọ́ ni ó ń gé ìyẹ̀fun ẹ̀kọ náà sí ṣúgà. Bẹ́ẹ̀ náà ni irú: èso irúgbá tí a sè, tí a fi ewé bò mọ́lẹ̀, àwọn ẹ̀dá tíńtìntín ni ó ń tú ẹ́ńsáìmù sí i, tí ohun líle yẹn fi ń rọ̀, tí òórùn rẹ̀ sì ń gba àdúgbò. Ẹ́ńsáìmù a máa mú kí iṣẹ́ tí ì bá pẹ́ títí yá kíá, iṣẹ́ náà kì í sì í run òun fúnra rẹ̀. Bí ó bá ṣe ọ̀kan tán, á bọ́ sí òmíràn. Ẹni tí ó bá gbọ́ Lárúbáwá yóò rántí khamīra, ìyẹn ìwúkàrà tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò. Ọ̀rọ̀ yẹn náà ni àwọn ìwé Lárúbáwá kan fi ń pe ẹ́ńsáìmù. Nígbà tí Wilhelm Kühne, ará Jámánì, sọ ọ́ lórúkọ ní nǹkan bí 1877, inú èdè Gíríkì ni ó ti mú un, "nínú ìwúkàrà" sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni èdè méjèèjì gbà.

Iṣẹ́ Rubisco kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ṣúgà kan wà nínú ewé tí ó ní kábọ́ọ̀nù 5 nínú, bí ìlẹ̀kẹ̀ 5 tí a sín pọ̀. Rubisco á mú ẹyọ afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù kan, á sín in mọ́ ọn, ó di 6; lójú ẹsẹ̀ á já sí méjì, 3 níhìn-ín, 3 lọ́hùn-ún. Díẹ̀ nínú àwọn oní-3 yìí ni yóò di oúnjẹ. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn á padà di oní-5 kí iṣẹ́ má bàa dúró. Ní Yunifásítì California ní Berkeley ni wọ́n ti tú àṣírí náà, kì í sì í ṣe lára igi ńlá. Melvin Calvin, Andrew Benson, James Bassham àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lo Chlorella, ẹ̀dá aláwọ̀ ewé kan tí ń gbé inú omi, tí ẹyọ rẹ̀ kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i. Wọ́n fún un ní afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù irú èyí tí a lè tọ ipasẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ń pa á lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ láti wo ibi tí kábọ́ọ̀nù náà dé. Calvin gba ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ yìí ní 1961. Kí ìyẹn tó dé, ní 1947, Sam Wildman ti rí purotéènì ńlá kan nínú ewé, kò tíì mọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ọdún gorí ọdún kí ó tó hàn pé òun gan-an ni òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń wá. Orúkọ gígùn gbọọrọ ni wọ́n fún un. Ní 1979 ni David Eisenberg gé e kúrú sí Rubisco, ó fi ń ṣàwàdà nítorí pé ó dún bí orúkọ ilé-iṣẹ́ bisikíìtì kan. Orúkọ àwàdà náà ni ó mọ́ ọn lára.

Òṣìṣẹ́ yìí ní àbùkù méjì. Èkíní, kì í yá. Ẹ́ńsáìmù kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tí ẹyọ kan rẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tó ìgbà 1,000,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti inú ewé yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ ju ìgbà 3 lọ. Nítorí náà ni ewé ṣe ń kó o jọ rẹpẹtẹ, bí ẹni tí ó gba alágbàṣe púpọ̀ nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń falẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé kò sí purotéènì tí ó pọ̀ tó o láyé.

Èkejì ni ó burú jù: ó máa ń ṣì mú. Ẹ jẹ́ kí a fi ọjà ṣe àpẹẹrẹ. Bí afẹ́fẹ́ bá jẹ́ ọjà tí 10,000 ènìyàn pé sí, àwọn tí yóò jẹ́ ọ́síjìn nínú wọn á tó 2,100. Àwọn tí yóò jẹ́ afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù kò ju nǹkan bí 4 lọ. Àwọn 4 yìí ni Rubisco ń wá kiri, wọn kò sì ní ìwo lórí tí a ó fi dá wọn mọ̀. Ní ìwọ̀n ooru 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bí ìgbà kan nínú mẹ́rin tàbí márùn-ún ni ó ń mú ọ́síjìn dípò. Bí ó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ṣúgà náà bàjẹ́ nìyẹn; ewé ní láti lo agbára láti tún un ṣe, apá kan kábọ́ọ̀nù tí ó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ á sì tún sá padà sínú afẹ́fẹ́. Bí ooru bá ṣe ń pọ̀ sí i ni àṣìṣe ń pọ̀ sí i, nítorí pé nínú ooru afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù a máa sá kúrò nínú omi ara ewé ju ọ́síjìn lọ, ojú Rubisco fúnra rẹ̀ náà a sì máa ṣe bàìbàì. Ẹ wá ro oòrùn ọ̀sán oṣù kẹta ní Kúta, kí òjò tó fìdí múlẹ̀.

Àwọn kan ń pè é ní ọ̀lẹ àti òmùgọ̀. Àwa kò fara mọ́ ọn. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò àwọn tí ń ka ọjọ́ orí òkúta, nígbà tí àwọn ẹ̀dá àkọ́kọ́ ń lò ó, ọ́síjìn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú afẹ́fẹ́ rárá. Ta ni yóò kọ́ bí a ti ń yẹra fún ohun tí kò sí? Ní nǹkan bí bílíọ̀nù 2.4 ọdún sẹ́yìn ni ọ́síjìn bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, àwọn ẹ̀dá tíńtìntín tí ń lo Rubisco kan náà yìí, tí wọ́n ń pè ní sayanobakitéríà, ni wọ́n sì ń tú u sílẹ̀ bí pàǹtí iṣẹ́ wọn. Ní 2006, Guillaume Tcherkez àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì kọ ọ́ pé Rubisco tí ó bá yára jù a máa ṣì mú jù, èyí tí ó bá sì ń ṣọ́ra a máa falẹ̀. Bí ẹni tí ń ṣa ẹ̀wà ni: ẹni tí ó bá kánjú, òkúta á kù síbẹ̀.

Kí wá ni àwọn sayanobakitéríà ṣe sí ìṣòro tí àwọn fúnra wọn dá sílẹ̀? Wọn kò lé òṣìṣẹ́ náà. Yàrá ni wọ́n kọ́ fún un. Nínú ara ẹ̀dá tí ojú kò lè rí yìí, àwọn àpótí kéékèèké wà tí ògiri wọn jẹ́ purotéènì, Rubisco ni ó sì kún inú wọn. Ẹ̀dá náà kì í jókòó de afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù kí ó wá bá a. Ó ń fi agbára fa èyí tí ó ti yòrò sínú omi, tí ó ti di bíkábọ́nétì, wọlé. Nígbà tí bíkábọ́nétì bá dé inú àpótí, ẹ́ńsáìmù kejì, tí iṣẹ́ rẹ̀ jọ ti ẹni tí ń yára nínú ẹ̀jẹ̀ wa yẹn, á sọ ọ́ padà di afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù lójú Rubisco gan-an. Yàrá á kún, ọ́síjìn kò ní ráyè. Àwọn 4 inú ọjà ti wá di ogunlọ́gọ̀. Nítorí pé ṣíṣì-mú kò fi bẹ́ẹ̀ dẹ́rù bà wọ́n mọ́, Rubisco tiwọn lè sáré. Ti àwọn kan nínú wọn yára tó ìlọ́po mẹ́ta ti inú ewé. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ awò rí àwọn àpótí wọ̀nyí láti 1956, ṣùgbọ́n 1973 ni wọ́n tó yọ ọ́ jáde lára bakitéríà kan tí ó ní irú rẹ̀, tí wọ́n sì bá Rubisco nínú rẹ̀.

Bíkábọ́nétì kì í ṣe àjèjì nínú ilé ìdáná wa. Ó wà nínú káún. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí káún lílọ̀, á hó, á yọ ìfófó; afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó ń sá jáde. Káún tí a fi ń se ẹ̀wà àti ewédú yìí, tí àwọn Hausa ń pè ní kanwa, àwọn oníṣòwò ti ń kó o láti etí Adágún Chad bọ̀ ní ìhà ọ̀dọ̀ wa láti ayé àtijọ́. Naṭrūn ni Lárúbáwá ń pè é, láti ara ọ̀rọ̀ yẹn sì ni lẹ́tà Na ti wá, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń rí nínú ìwé kẹ́mísìrì fún sódíọ̀mù.

Ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Adágún Chad, ní ilẹ̀ Kánẹ́mù, àwọn ọ̀gbun omi wà láàárín òkìtì yanrìn tí omi wọn kún fún káún. Kánẹ́mù yìí kan náà ni ilẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti ní ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn ní Cairo láti ọ̀rúndún kẹtàlá; àwọn tí ń ka ìtàn láàárín wa mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa, ọbẹ̀ rẹ̀ ni kò tíì dé etí wọn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀dá ni kò lè gbé inú omi bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n sayanobakitéríà kan wà tí ibẹ̀ jẹ́ ààfin fún un. Spirulina ni, ó rí bí wáyà tí a lọ́ bí a bá fi ẹ̀rọ awò wò ó. Bíkábọ́nétì tí yóò fi bọ́ Rubisco rẹ̀ kò lè tán nínú omi káún, nítorí náà ó ń pọ̀ débi pé ojú omi á dúdú minimini bí ẹ̀fọ́.

Àwọn obìnrin Kánẹ́mbù ni wọ́n ń kó o. Wọ́n á fi agbọ̀n tàbí igbá gbọ́n ọn lójú omi, wọ́n á dà á sínú kòtò pẹlẹbẹ tí wọ́n wà sínú yanrìn. Yanrìn á mu omi rẹ̀, oòrùn á gbẹ ẹ́, wọ́n á gé e ní igun mẹ́rin mẹ́rin, wọ́n á tún sá a. Dihé ni wọ́n ń pè é. Inú ọbẹ̀ ni wọ́n ń rún un sí pẹ̀lú ata, ẹja tàbí ẹran, wọ́n sì fi ń jẹ òkèlè jéró. Ó ju ìdajì dihé tí ó bá gbẹ dáadáa lọ tí ó jẹ́ purotéènì, èyí tí ẹran díẹ̀ ni ó lè bá a dọ́gba. Onímọ̀ ewéko kan, Dangeard ará Faransé, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1940. Láàárín 1964 sí 1965, Jean Léonard ará Bẹ́ljíọ̀mù tún bá a pàdé lórí àtẹ ní ọjà Fort-Lamy, ìlú tí wọ́n sọ di N'Djamena ní 1973, láti ìgbà náà ni ayé sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn dá sí i. Ìwádìí kan tí ó jáde ní 2000 ṣírò rẹ̀ pé láti inú adágún Kossorom nìkan, nǹkan bí tọ́ọ̀nù 40 dihé ni àwọn obìnrin náà ń kó lọ́dún. Ní ibi tí yanrìn ti gba ilẹ̀ tí òjò kò sì tó, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún ìyá ọmọ.

A gbọ́dọ̀ sọ ohun kan níbí tí a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú fò. Kì í ṣe gbogbo omi tí ó bá di aláwọ̀ ewé ni ènìyàn lè jẹ tàbí kí ó mu. Spirulina ní ìbátan kan tí ń jẹ́ Microcystis, tí òun náà ń bo ojú omi adágún àti omi tí kò ṣàn. Ọ̀pọ̀ nínú irú rẹ̀ ní májèlé tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, sísè omi náà kì í sì í pa májèlé ọ̀hún. Omi káún líle ni ó ń bá àwọn Kánẹ́mbù lé ọ̀pọ̀ ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn. Omi tiwa ní agbègbè Ìwó kò rí bẹ́ẹ̀. Bí omi àmù bá ti ń yọ àwọ̀ ewé, kí a dà á nù, kí a fọ àmù náà. Ọmọ tí ó bá ka ìwé yìí tí ó wá gbé igbá lọ sí etí ìkùdu láti wá dihé, ẹ pè é padà.

Ẹ jẹ́ kí a bọ̀ sí oko. Nínú àwọn ohun ọ̀gbìn wa, àgbàdo ní ọgbọ́n tí ó jọ ti sayanobakitéríà. Ẹ́ńsáìmù mìíràn, tí kì í ṣì mú ọ́síjìn, ni ó ń kọ́kọ́ mú afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù fún un, a sì gbé e lọ sí kọ̀rọ̀ inú ewé níbi tí Rubisco wà. Ọkà bàbà àti ìrèké náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gẹ́, ẹ̀wà, iṣu, ìrẹsì àti kòkó kò ní in. Bí a bá gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ sórí ebè kan náà, lábẹ́ oòrùn ọ̀sán kan náà, ẹ̀gẹ́ á máa ṣòfò ohun tí àgbàdo kì í ṣòfò. Ní 2020, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà tẹ àbájáde àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lórí oríṣiríṣi ẹ̀gẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà jáde. Wọ́n rí i pé nígbà tí oòrùn bá ràn láìyẹ̀, ohun tí ń fa ẹ̀gẹ́ sẹ́yìn ni Rubisco àti ọ̀nà tóóró tí afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nínú ewé. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń wá tí ó ń lọ, bíi ìgbà tí kùrukùru ń kọjá, ihò kéékèèké ara ewé tí kì í tètè ṣí ni ó ń dá a dúró.

Èyí ni ó fà á tí àwọn onímọ̀ fi ń wo ọwọ́ àwọn ẹ̀dá tíńtìntín. Ní 2014, àwọn tí ó wà ní Cornell ní Amẹ́ríkà àti ní Rothamsted ní Gẹ̀ẹ́sì yọ Rubisco inú tábà, wọ́n fi ti sayanobakitéríà rọ́pò rẹ̀. Tábà náà hù, òṣìṣẹ́ tuntun náà sì ń yára. Ṣùgbọ́n inú yàrá tí wọ́n tú afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù púpọ̀ sí nìkan ni ó ti lè dàgbà. Òṣìṣẹ́ ti dé, yàrá rẹ̀ ni kò bá a dé. Ní 2018, àwọn onímọ̀ ní Ọsirélíà kọ́ irú àpótí náà, èyí tí kò ní ẹ̀yà púpọ̀, sínú ewé tábà. Ohun tí yóò máa fa bíkábọ́nétì wọlé ni ó kù. Àwọn mìíràn ní Illinois gba ọ̀nà tí ó yàtọ̀: wọ́n fi Rubisco sílẹ̀ bí ó ti wà, wọ́n gé ọ̀nà tí ewé ń gbà tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe kúrú. Ní 2019 ni wọ́n kéde rẹ̀ pé tábà náà, nínú oko gbangba, tóbi ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ní ìdá 40 nínú 100. Tábà kì í ṣe oúnjẹ, ó rọrùn láti dán nǹkan wò lára rẹ̀ ni. Ẹ̀gẹ́ tí ó ní yàrá fún Rubisco kò tíì sí ní oko àgbẹ̀ kankan.

Ohun tí ó wà lọ́wọ́ àgbẹ̀ Kúta báyìí kéré sí èyí, ṣùgbọ́n kì í ṣe òfo. Nínú ewé bíi ti ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀wà, Rubisco nìkan lè gba tó ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo nàítírójìn tí ó wà níbẹ̀. Ewé tí ó bá ṣì pọ́n nítorí pé nàítírójìn kò tó, òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti dín kù nìyẹn. Ìgbẹ́ adìẹ tí ó ti jẹrà dáadáa á dá díẹ̀ padà, bí a kò bá ti bù ú jù, nítorí àbùjù a máa mú kí ẹ̀gẹ́ ta ewé dípò iṣu. Ẹ̀wà tí a gbìn sáàárín rẹ̀ náà ń ṣèrànwọ́ fún ilẹ̀, bakitéríà kan tí ń gbé inú kókó gbòǹgbò rẹ̀ ni ó ń fa nàítírójìn láti inú afẹ́fẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá bakitéríà náà wà lẹ́nu iṣẹ́, kí ó rọra hú ẹ̀wà kan nígbà tí ó bá ń tanná, kí ó fi èékánná la kókó ara gbòǹgbò rẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá pupa bí ẹ̀jẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá funfun tàbí tí ó ní àwọ̀ ewé, kò ṣiṣẹ́.